Ẹnì Kejì Rẹ Ńkọ́?

Yanrìn àti òkúta ló kún ọ̀nà oko wa ní Ìgbòho. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, èmi àti ọ̀rẹ́ mi fi kẹ̀kẹ́ ológeere sáré ìdíje lọ sí oko bàbá rẹ̀. Ṣéènì tirẹ̀ já lójú ọ̀nà. Ó pè mí. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò dúró. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé oko. Bàbá rẹ̀ kò yìn mí, ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ẹnì kejì rẹ ńkọ́?" N kò rí èsì fọ̀.

Ìbéèrè yìí ni mo rántí nígbà tí mo kà nípa Cape Epic, ìdíje kẹ̀kẹ́ orí òkè tó bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2004. Ọjọ́ 8 ni wọ́n fi ń gun òkè, méjì méjì ni wọ́n sì ń díje. Òfin ni pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ fi ju ìṣẹ́jú 2 lọ ṣíwájú ẹnì kejì rẹ̀. Ìgbà tí ẹni ẹ̀yìn bá dé ni wọ́n tó ka àwọn méjèèjì sí ẹni tó dé. Bí ṣéènì ẹnì kan bá já, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni.

Adrien Niyonshuti, ọmọ Rwanda, gun un ní ọdún 2007 pẹ̀lú Jonathan Boyer, ará Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2012, Niyonshuti ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ nínú eré kẹ̀kẹ́ orí òkè ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣíwájú, ẹ bojú wẹ̀yìn: ta ló ń pè yín?