Ẹ Gbin Tòmátì Kó Tó Wọ́n

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, bí oṣù Èbìbí bá ti wọlé, ẹ mọ ohun tí ojú ń rí lọ́jà Wàsọ́ àti Sábó. Tòmátì tí wọ́n ń rọ́ jọ bí òkìtì ní oṣù Èrèlé á di èyí tí wọ́n ń tò ní mẹ́ta-mẹ́ta sórí àtẹ. Ẹjọ́ aláta kọ́. Kánò, Kàdúná àti Kàtsínà ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń fi omi ìsédò gbìn ín níbẹ̀. Kí òjò tó mú dáadáa, tiwọn ti ń tán lọ.

Ìgbà mìíràn, àjálù á tún gun orí ọ̀wọ́n. Ní 2016, àfòpiná kékeré kan tó ń jẹ́ Tuta absoluta, tí ìdin rẹ̀ máa ń gbẹ́ inú ewé àti èso, ba oko jẹ́ ní Kàdúná títí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi kéde ọ̀ràn pàjáwìrì. “Ebola tòmátì” ni àwọn èèyàn sọ ọ́. Ní 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣà n'Íbàdàn, àwọn oníṣòwò Òkè Ọya dá ọkọ̀ oúnjẹ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa dúró. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìkòkò ọbẹ̀ wa ló jẹ ìyà rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò tó oko. Ìdí tòmátì mẹ́wàá lẹ́yìn ilé tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò nílẹ̀ lè lo ike ọ̀dà tàbí àpò ìrẹsì tó ti lu nídìí kí omi lè máa jò, ìdí kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àsìkò ni kí ẹ má ṣì mú. Bí ẹ bá fọ́n irúgbìn ní oṣù Ẹrẹ́nà, tí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀, ẹ ó ti máa ká èso ní ìparí Òkúdù, nígbà tó ṣì wọ́n lọ́jà.

Ẹ ra irúgbìn gidi, irú Roma VF tàbí UC82B, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan ọ̀gbìn. Ẹ fọ́n ọn sábẹ́ ibòji díẹ̀. Tó bá pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ lọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn má baà pa á, kí ẹ sì fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sáàárín ìdí kan sí èkejì. Ẹ má gbìn ín síbi tí ata, ìgbá tàbí tòmátì wà lọ́dún tó kọjá, nítorí ẹbí kan ni wọ́n. Àrùn tó pa ti èṣí lè ṣì wà nínú ilẹ̀.

Ìgbẹ́ adìẹ dára, àmọ́ èyí tó ti jẹrà dáadáa ni. Tútù rẹ̀ á jó gbòǹgbò. Ẹ ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, kí ẹ fi okùn de tòmátì mọ́ ọn, kí ẹ sì tẹ́ koríko gbígbẹ sídìí rẹ̀ kí òjò má baà ta ẹrẹ̀ sí i lára. Ẹ sọgbà yí i ká pẹ̀lú, torí ewúrẹ́ ìgboro kò mọ ẹni tó lewé.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ máa yí ewé wò láràárọ̀. Èyí tí kòkòrò bá ti gbẹ́, ẹ já a, kí ẹ sun ún. Ẹ lè gún ewé dóńgóyárò, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì wọ́n ọn sára tòmátì ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n oògùn tí a fi ń pa aáyán àti ẹ̀fọn nínú ilé, ẹ má ṣe fi kan ohun tí ọmọ yín máa jẹ. Májèlé ni.

Bí nǹkan bá rú yín lójú, Yunifásítì LAUTECH tó wà nílùú wa láti 1990 ní àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ẹ já ewé tó ń ṣàìsàn, kí ẹ mú un lọ bi wọ́n.

Ìdí tòmátì mẹ́wàá kò ní kí á má lọ sọ́jà mọ́. Àmọ́ nígbà tí owó ọbẹ̀ bá fò sókè, ẹni tó ní díẹ̀ lẹ́yìn ilé á lè fi owó rẹ̀ ra ẹran. Ẹ wá irúgbìn sílẹ̀ kí òjò tó dé.