Ìró Bàtà Kọ́ Ni Iṣẹ́ Akọ̀wé

Orin kan wà tí kò sí olùkọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Orin náà ń ṣe ìlérí fún ọmọ pé bí ó bá kàwé, bàtà rẹ̀ yóò máa dún bí ó ti ń rìn lọ. Àwa kọ ọ́ ní kékeré, àwọn ọmọ wa sì ń kọ ọ́ títí di òní. N kò bá orin náà jà. Ìtumọ̀ tí a fún un ni mo bá jà. A ti sọ fún ọmọ pé bàtà ni èrè ìwé, a kò sì sọ ohun tí ẹni tí ó wọ bàtà náà ń ṣe láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún, tí wọ́n ń wá àga, tí wọn kò wá iṣẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwa ni a kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Àwa náà ni ó sì yẹ kí a tún un ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ wí kò ju ọ̀kan lọ: iṣẹ́ ọ́fíìsì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ àti aṣọ híhun ti jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ó ní irinṣẹ́, ó ní ìkọ́ṣẹ́, ó ní ìdánwò, ó sì ní àkàsọ̀ tí a ń gùn ní ìpele-ìpele. Ẹni tí a kò bá kọ́ ní iṣẹ́ náà, bí a tilẹ̀ gbé e ka orí àga, ìjókòó lásán ni yóò jókòó.

Kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé àlá ni mo ń lá, ẹ jẹ́ kí a wo Cocody, àdúgbò ńlá kan ní ìlú Àbíjàn ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Àwọn ènìyàn mọ Cocody mọ́ ilé àwọn ọlọ́lá àti ilé àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ohun tí ó kan àwa olùkọ́ ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni yunifásítì wọn wà, èyí tí ó di yunifásítì ní 1964. Ibẹ̀ náà, ní apá tí à ń pè ní Deux-Plateaux, ni École Nationale d'Administration wà, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1960, ọdún tí ilẹ̀ náà gba òmìnira, láti máa kọ́ àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ àkóso. ENA ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú.

Ẹ wo bí wọ́n ti tò ó. Ìpele mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà ní, láti orí ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ àárín títí dé orí ẹni tí yóò di ọ̀gá. Ìdánwò ìdíje ni a fi ń wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìdánwò kan wà fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀. Òmíràn sì wà fún òṣìṣẹ́ tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ìtumọ̀ èyí ni pé akọ̀wé kékeré tí ó ń to fáìlì lónìí lè padà sí kíláàsì, kí ó sì gun àkàsọ̀ náà dé ìpele tí ó ga ju ti àná lọ. N kò wí pé ojúṣàájú kò sí ní ilẹ̀ wọn, n kò sì wí pé kí àwọn ọmọ wa lọ du àyè pẹ̀lú ọmọ onílẹ̀. Ohun tí mo wí ni pé wọ́n gbà pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ṣeé kọ́, wọ́n sì kọ́ ilé sí Cocody fún un. Nàìjíríà náà kò ṣe aláìní irú rẹ̀: ASCON wà ní Tòpò lẹ́bàá Àgbádárìgì láti 1973. Ṣùgbọ́n ASCON kì í ṣe fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Kí ni a ti kọ́ òṣìṣẹ́ náà kí ó tó dé ibẹ̀?

Ọ̀rọ̀ Àbíjàn kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ènìyàn wa, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀. Ànàgó ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n fi ọjà títà kọ́lé, wọ́n fi ọjà títà tọ́mọ, kò sì sí ẹni tí yóò kẹ́gàn wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti ọ̀dọ̀ wa lọ mọ èdè Faransé ní ẹnu, wọn kò mọ̀ ọ́n ní gègé. Wọ́n lè fi ná ọjà láti òwúrọ̀ di alẹ́; bí ìwé bá ti ọ́fíìsì ìjọba dé, wọn a wá ẹni tí yóò kà á fún wọn. Ọmọ tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Àbíjàn kò ní ìṣòro yìí. Ọgbọ́n orí kọ́ ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, kíláàsì ni. Àwa ni a sì ni kíláàsì tí kò kọ́ni yìí.

Ní oṣù Kejìlá 1996, ìjọba ológun Sani Abacha kéde pé èdè Faransé yóò di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà. Ìkéde náà kò jìnnà ju orí bébà lọ. Síbẹ̀, orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí ó bá wa pààlà lórí ilẹ̀ ni wọ́n ń lo Faransé nínú iṣẹ́ ìjọba. Bẹ́ẹ̀ ni Abúlé Èdè Faransé wà ní Àjárá, ní Àgbádárìgì kan náà tí ASCON wà, láti 1991. Mélòó nínú wa ni ó ti sọ fún ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé àwọn méjèèjì wà?

Ẹ wo ohun tí èyí lè ṣe fún ẹni tí ó bá múra. Ilé Ìfowópamọ́ fún Ìdàgbàsókè Áfíríkà wà ní Plateau, tí ó múlé gbe Cocody, èdè méjì ni ó sì fi ń ṣiṣẹ́: Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ní 2015, ọmọ Yorùbá kan, Akinwumi Adesina, di ààrẹ rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2025. Àwọn ènìyàn rí ọjọ́ tí ó gun orí àga. Wọn kò rí i pé láti 1990 sí 1995 ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ìwádìí nípa ìrẹsì ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire kan náà. Ogún ọdún kí àga tó dé ni ó ti ń gbé láàrin àwọn tí ń sọ Faransé.

Ẹnìkan yóò wí pé ọ̀mọ̀wé ńlá ni ìyẹn, kì í ṣe akọ̀wé. Ó dára, ẹ jẹ́ kí n mú akọ̀wé wá. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó kọ́ títẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ọ̀nà tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní kánkán bí a ti ń sọ ọ́, ó sì ṣe akọ̀wé ní Wesley College ní Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Nílé ni ó ti kàwé tí ó fi gba oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù nínú ìmọ̀ ìṣòwò ní 1944. Ní 1954 ó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Simeon Adébọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ̀wé ní Rélùwéè Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1930 kan náà. Ó di olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì lọ ṣe aṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1962. Kò sí èyí tí ó fo àkàsọ̀ nínú wọn.

Ẹlòmíràn yóò tún wí pé ìbéèrè tí ọ́fíìsì ń bèèrè ni “Ta ni o mọ̀?”, kì í ṣe “Kí ni o mọ̀?” N kò ní purọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá fi èyí kọ́ ọmọ ti fún ọ̀lẹ ní àwáwí. Ẹni tí ó mọ ènìyàn lè wọlé. Bí ènìyàn náà bá fẹ̀yìn tì ńkọ́? Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ọ̀gá tuntun yóò bi léèrè pé, “Níbo ni a bá ọ̀rọ̀ yìí dé?”

Kí wá ni iṣẹ́ náà? Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n kí gègé tó dé. Ìlàrí ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ ọba ní Ọ̀yọ́. Àrokò sì wà, tí ẹni tí ó gbà á gbọ́dọ̀ lóye gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dì í ti rò ó. Yorùbá sì wí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kò sí ìwé kan tí ó ṣàlàyé iṣẹ́ àkóso ju òwe yìí lọ. Ọ̀gá tí inú ń bí yóò ní kí a kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ kan pé òpùrọ́ ni wọ́n. Akọ̀wé tí kò mọ iṣẹ́ yóò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ yóò sì dé. Akọ̀wé gidi yóò kọ ọ́ pé ohun tí wọ́n wí kò bá àkọsílẹ̀ wa mu, yóò sì so ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà mọ́ ìwé. Ó jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì gba ọ̀gá rẹ̀ là.

Kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ atẹ̀wé, ẹ̀rọ tí ó ń kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀ sì ti dé. Èyí kò dín ọ̀rọ̀ mi kù rárá. Bí lẹ́tà bá ṣìnà, ẹ̀rọ kò ní jẹ́jọ́. Ẹni tí ó fọwọ́ sí i ni yóò jẹ́ ẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó lè kàwé wò, kí ó mọ ibi tí ó kù sí, ni ọ́fíìsì ń wá nísinsìnyí.

Ohun tí a lè ṣe kò béèrè owó. Kí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa kọ ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí wọ́n kà á ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, kí wọ́n sì tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe ní gbangba. Kí a fún ọmọ ní ìtàn ojú ìwé méjì, kí ó sọ ọ́ di gbólóhùn márùn-ún láìsọ kókó rẹ̀ nù. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀, kí ìwé inú rẹ̀ tò bí ọjọ́ ti tò. Níbi tí olùkọ́ Faransé bá wà, kí ó má fi ìkíni nìkan mọ. Kí ó kọ́ wọn ní lẹ́tà. Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé Yorùbá kò ní iṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Ọmọ tí kò lè to èrò rẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ńláńlá ni yóò máa yá ní èdè ẹlòmíràn láti fi bo àìmọ̀kan mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ tiwa ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Rẹ́jísítà tí a ń pè láràárọ̀ ni àkọsílẹ̀ ìjọba àkọ́kọ́ tí ọmọ rí ní ayé rẹ̀. Bí a bá sàmì pé ó wá síwájú orúkọ ẹni tí kò wá, a ti kọ́ gbogbo kíláàsì ní iṣẹ́ ọ́fíìsì ní ọjọ́ náà. Irọ́ ni a fi kọ́ wọn. Bí wọ́n bá dàgbà tán tí wọ́n sì ń kọ orúkọ òṣìṣẹ́ tí kò sí sínú ìwé owó-oṣù, kí a má ṣe bèèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ.