Bí Owó Kò Bá Tó: Ohun Tí A Lè Fi Rọ́pò Nínú Kọ̀ǹpútà Ilé

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bi mí: "Pásítọ̀, ọmọ wa ní ká to kọ̀ǹpútà fún òun. Wọ́n kọ iye owó gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ wá láti ọjà, ohun tó wà lọ́wọ́ wa kò sì ju ìdajì rẹ̀ lọ. Kí ni ká yọ? Kí ni ká fi rọ́pò?"

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Owó ilé-ìwé kò gbọdọ̀ bá kọ̀ǹpútà lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ ká ra ohun tí yóò dákẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Èkínní, ẹ bi ọmọ yín léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Bó bá jẹ́ títẹ ìwé, ìdánrawò JAMB àti wíwo ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ yọ káàdì àwòrán, èyí tí wọ́n ń pè ní graphics card, kúrò. Owó ńlá ni yóò dín. Ẹ fi processor tó ní ti àwòrán nínú ara rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Irú rẹ̀ ni Ryzen 5 5600G ti AMD tó jáde ní 2021, àti Core i3-12100 ti Intel tó jáde ní 2022. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ! Ryzen 5 5600 tí kò ní G, àti i3-12100F tó ní F, kò ní ti àwòrán nínú. Bí ọlọ́jà bá sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹ má gbà. Bí ẹ bá gbé e délé láìsí káàdì, mọ́nítọ̀ yín kò ní í fi nǹkan kan hàn.

Èkejì, motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń jókòó lé. Ti AMD kò gba ti Intel. 5600G ń jókòó sórí pátákó AM4, i3-12100 sì ń jókòó sórí LGA1700. Pátákó AM4 tó ti pẹ́, bíi B450, lè máà dá 5600G mọ̀ àfi bí wọ́n bá tún ètò inú rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, ìbáà jẹ́ Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ìsọ̀ àdúgbò yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n tan án lójú yín kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀kẹta, RAM. DDR4 àti DDR5 kò lè rọ́pò ara wọn, ihò wọn yàtọ̀. DDR4 ni AM4 ń lò. Bí processor bá ń ṣe iṣẹ́ àwòrán fúnra rẹ̀, 8GB méjì dára ju 16GB ẹyọ kan lọ. Bí owó kò bá tó, ẹ ra 8GB kan báyìí, kí ẹ fi ihò kejì sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ̀kẹrin, ibi ìkó-nǹkan-sí. Ẹ má torí àyè púpọ̀ ra hard disk tó ń yí. SSD kékeré, 240GB tàbí 256GB, yára jù ú lọ gan-an. Ẹ lè fi hard disk kún un níwájú.

Ẹ̀karùn-ún, power supply. Èyí nìkan ni n kò ní í gbà yín níyànjú láti fi ohun tí kò lórúkọ rọ́pò. Pẹ̀lú bí iná wa ṣe ń lọ tó ń bọ̀, bí èyí tí kò dára bá jó, ó lè ba àwọn yòókù jẹ́. Ẹ kò nílò 750 watt, 450 watt tó ní àmì 80 Plus ti tó fún irú kọ̀ǹpútà yìí.

Bí owó kò bá ká èyí náà, ẹ má bọkàn jẹ́. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ lè ṣiṣẹ́ náà. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní October 14, 2025, nítorí náà, bó bá jẹ́ ti Intel, ẹ wá èyí tó lè gba Windows 11: i5-8500 lè gbà á, i5-6500 kò sí lára àwọn tí Microsoft fọwọ́ sí. Èyí tí kò lè gbà á ṣì wúlò pẹ̀lú Linux Mint àti LibreOffice, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Ẹ rántí pé power supply inú ọ̀pọ̀ Dell OptiPlex kì í ṣe irú tó wọ́pọ̀ lọ́jà. Bó bá bàjẹ́, ẹ lè wá a pẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ yín, kí ẹ jọ ka ìwé iye owó náà láti òkè dé ilẹ̀. Ọmọ tó bá mọ ìdí tí a fi yọ ohun kan kò ní í rò pé a fi nǹkan dù ú. Ó dìgbà kan ná.