Ẹ Ka Ara Táyà Kí Ẹ Tó Gba Ẹnu Ẹni Tó Ń Tà Á Gbọ́

Bí oṣù kẹfà bá ti dé lọ́dọọdún, àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ ogun àtijọ́ máa ń kó wọn jáde ní Normandie, nílẹ̀ Faransé, láti rántí ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1944 tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà gúnlẹ̀ sí etíkun ibẹ̀. Jíìpù á wà níbẹ̀, Dodge á wà níbẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù GMC á tò lọ rẹrẹ. Wọ́n ti tún ẹ́ńjìnnì wọn ṣe, wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn wọ́n, ìràwọ̀ funfun sì wà lára wọn bíi tìgbà ogun. Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn tó ni wọ́n máa ń bára wọn jiyàn lé lórí ni ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹnì kan á ní táyà tòun ni ojúlówó, pé ojú ogun ni wọ́n ti gbé e wá. Ẹnì kejì á ní irọ́ ni, àná ni wọ́n ṣe é.

Èmi ò ní GMC, n kò sì rò pé mo máa ní in láyé yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwọn tó ní kí a má gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́ ni mo wà, àwọn tó ní kí a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ká ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, nítorí pé orí táyà àlòkù tí ọkọ̀ òkun ń kó wá sí Kútọ̀nù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rìn.

Ẹ jẹ́ ká mú GMC yẹn. Èyí tí Amẹ́ríkà ṣe nígbà ogun lé ní 500,000. Táyà mẹ́wàá ló fi ń tẹlẹ̀, méjì níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni 7.50-20, ìyẹn ni pé ó fẹ̀ tó íǹṣì méje àbọ̀, ríìmù tó sì ń wọ̀ jẹ́ íǹṣì ogún. Ti jíìpù jẹ́ 6.00-16. Ti Dodge WC-51 tó ń kó sọ́jà kiri jẹ́ 9.00-16. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé 7.00-16 síwájú yín tó ní ti jíìpù ogun Hitler ni, ó ti ṣìnà. Jíìpù M38 tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun, èyí tó lọ jà ní Korea, ló ń wọ ìyẹn.

Àwọn kan máa ń wo ojú táyà nìkan. Lóòótọ́, táyà sọ́jà Amẹ́ríkà ní ojú tirẹ̀: kókó rọ́bà ńlá ńlá tó jìn síra wọn, tó rí bákan náà bí ọkọ̀ ń lọ síwájú bí ó ń fi ẹ̀yìn rìn. NDT ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ojú yìí kò tó ẹ̀rí rárá. Àwọn sọ́jà ò fi í sílẹ̀ nígbà tí ogun parí, wọ́n ṣì ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Títí di òní, àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣì ń ṣe é fún àwọn tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe, òmíràn sì tún ń jẹ́ orúkọ àtijọ́. Ẹ lè rí Firestone lára rẹ̀ kó sì jẹ́ pé kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Lẹ́tà ló ń tú àṣírí. Bí lẹ́tà R bá wà láàárín ìwọ̀n rẹ̀, kì í ṣe ti ìgbà ogun. Ọdún 1946 ni Michelin gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú táyà bẹ́ẹ̀, tí okùn inú rẹ̀ gba tààrà láti etí kan dé èkejì, ogun sì ti parí ní 1945. Ti ìgbà ogun, ìpele okùn rẹ̀ dábùú ara wọn ni. Bí ẹ bá rí TUBELESS, ẹ gbé e sílẹ̀, nítorí pé túùbù wà nínú gbogbo táyà ọkọ̀ akẹ́rù nígbà náà. Bí ẹ bá rí NYLON, ẹ fura gidigidi. Bí ẹ bá wá rí DOT, àríyànjiyàn parí: àmì ìjọba Amẹ́ríkà ni, ó sì lé ní ogún ọdún lẹ́yìn ogun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sára táyà. Mo ti rí fọ́tò ọkọ̀ kan tí ẹni tó ni ín ń fi yangàn pé kò sí ohun tuntun kankan lára rẹ̀. DOT hàn gbangba lára ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú. Ọ̀dà funfun ló tún fi la lẹ́tà náà kí ó lè dán!

Ìdí tí ojúlówó fi ṣọ̀wọ́n ni pé wọ́n lò ó gbó. Nígbà tí Japan gba Malaya àti àwọn erékùṣù Indonesia lọ́wọ́ òyìnbó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1942, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rọ́bà tí Amẹ́ríkà ń rà ló dúró. Ìjọba wọn ní kí ọkọ̀ má sáré ju 56 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Wọ́n ń wọn bẹntiróòlù fún aráàlú, kì í sì í ṣe pé bẹntiróòlù wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, rọ́bà ni wọ́n fẹ́ kí ó tọ́jọ́. Wọ́n dá ọgbọ́n rọ́bà tí kì í ti ara igi wá, èyí tí wọ́n fi epo rọ̀bì àti ọtí ọkà ṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń gbóná lábẹ́ ẹrù wúwo, torí náà táyà ọkọ̀ ńlá ṣì nílò oje igi. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé bá yíjú sí Áfíríkà pé kí àwọn èèyàn wọ inú igbó lọ gba oje rọ́bà wá.

Àwọn tó wà lórí táyà yẹn ńkọ́? Láti ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ sí ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 1944, ọkọ̀ akẹ́rù Amẹ́ríkà ń gbé oúnjẹ, epo àti ìbọn tẹ̀lé àwọn ọmọ ogun kọjá ilẹ̀ Faransé, tọ̀sán tòru. Red Ball Express ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Nínú awakọ̀ mẹ́rin, nǹkan bí mẹ́ta jẹ́ adúláwọ̀. Ẹrù pọ̀ ju ohun tí ọkọ̀ lè gbé lọ, agolo oúnjẹ tí àwọn sọ́jà sì ń jù sójú ọ̀nà ń gé táyà bí ọ̀bẹ. Ní oṣù kẹjọ yẹn kan náà, àwọn ọmọ Dahomey wà lára àwọn sọ́jà Áfíríkà tó bá Faransé jà ní Provence, Amẹ́ríkà ló sì fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun Faransé náà ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, mi ò ní bú ẹni tó ń wá ojúlówó. Ohun tí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn fi ṣiṣẹ́ yẹ ní títọ́jú.

Títọ́jú ni mo wí o, n kò ní kí a máa gùn ún. Táyà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ti kú, ìbáà jẹ́ pé kò rìn rí. Oòrùn ń jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́, rọ́bà rẹ̀ á gan, okùn inú rẹ̀ á jẹrà, ojú rẹ̀ á sì máa dán. Lára àwọn tó ń ṣe táyà fúnra wọn, àwọn kan ní tí táyà bá ti pé ọdún mẹ́wàá, kí á yọ ọ́. Kí ẹnì kan wá kó ọmọ kéékèèké sẹ́yìn GMC lórí táyà ọdún 1943 torí pé ó fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà ogun, èmi ò fara mọ́ ọn. Kí ó ra tuntun tó ní ojú NDT fún ọjọ́ tí wọ́n bá ń tò lọ lójú títì, kí ó sì gbé ojúlówó sí ibi tí àwọn èèyàn ti lè wò ó. Wọ́n á ní ìyẹn ba ẹwà ọkọ̀ jẹ́. Ẹwà kọ́ ló ń gbé ọkọ̀ dúró nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá bẹ́.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ra àlòkù méjì nígbà kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó búra pé wọn ò tíì lò ó tó ọdún méjì ní Yúróòpù. Ó ti fi nǹkan dúdú pa á, ó ń dán bí orí ọmọ tuntun. Láàárín Kétu sí Pọ́bẹ̀ ni ọ̀kan bẹ́. Iṣu nìkan ló dà sílẹ̀, a dúpẹ́. Ẹni tó ń lẹ táyà ló kọ́ mi ní ìwé kíkà lọ́jọ́ náà. Ó yí táyà sódì, ó fi ìka tọ́ ẹ̀yìn DOT, ó ní kí n ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. 0809 ni. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún 2009! Bó bá jẹ́ 2319 ni, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 nìyẹn. Bí nọ́ńbà ọjọ́ náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, ó ti wà kí ọdún 2000 tó dé. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà yìí sábà máa ń wà, nítorí náà, bí ẹ kò bá rí i níta, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sínú.

Láti ọjọ́ náà, mi ò kì í lọ ra táyà láìmú tọ́ọ̀ṣì dání. Ọmọ kan tó ń tà á rí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá níbi tí mo ti dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí mò ń wá nọ́ńbà, ló bá ń rẹ́rìn-ín, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Kùránì lẹ fẹ́ kà níbẹ̀ ni?" Mo ka tirẹ̀ sí i létí: 4111. Ó gbé e padà sẹ́yìn, ó sì lọ mú òmíràn wá.