Ọ́ìlì "pont": ẹ má dúró dìgbà tó bá ké

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ọkọ̀ akẹ́rù, gbogbo yín lẹ ń pàrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ti "pont" ńkọ́, jíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn? Kò hàn sójú, la ṣe ń gbàgbé ẹ̀. Tó bá fi máa ké, eyín jíà ti ń jẹ ara wọn nìyẹn.

Ìwé ọkọ̀ míì lè ní kó di 100,000 kìlómítà. Ìwé yẹn ò mọ iṣu tí ẹ ń dì láti Kambolé lọ sí Tchamba àti Sokodé! Fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀, èmi ò ní jẹ́ kó kọjá 50,000. Bí ọkọ̀ bá sì wọ odò lásìkò òjò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kíá: tí ọ́ìlì bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ̀ ọ́, ẹ pàrọ̀ ẹ̀. Kí mẹkaníìkì kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì òkè tí a ń gbà rọ ọ́ìlì sí i, kó tó tú tìsàlẹ̀. Bí tòkè bá kọ̀ tí kò tú lẹ́yìn tí ọ́ìlì ti dà tán, ọkọ̀ ò lọ mọ́ nìyẹn.

Lójú tèmi, ẹni tó ni ọkọ̀ ló yẹ kó sanwó ẹ̀, kì í ṣe awakọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa oníṣu, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó di ẹrù. Iṣu yín loòrùn máa pa lẹ́bàá títì.