Owó Òógùn Ojú Àwọn Ọmọ Wa Ni Wọ́n Tún Ń Bù Jẹ

Àwọn kan ń bi wá pé kí ló kan oníṣòwò nínú ìjà Republican àti Democrat ní Amẹ́ríkà. Ó kàn wá o! Ta ni nínú wa tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò lọ́hùn-ún? Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ là ń fi kún òwò, òun náà là ń fi san owó ilé-ìwé.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 2025 ni Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí òfin ńlá kan tí wọ́n fi owó-orí sí, lórí owó tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. 5 nínú 100 ni àwọn Republican ilé aṣojú kọ́kọ́ fẹ́ gbà. Wọ́n já a sí 3.5, ilé aṣòfin àgbà wá já a sí 1. Ìbò 50 sí 50 ni nílé àgbà, àfìgbà tí igbákejì ààrẹ, JD Vance, fi tirẹ̀ kún un. Democrat kankan kò dìbò fún un.

Ibi tó dùn wá nìyí. Wọ́n ti yọ owó-orí nínú owó oṣù ọmọ kó tó kàn án lọ́wọ́, wọ́n tún wá lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó jọ àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa lọ́jà: o san láàárọ̀, ẹlòmíì tún yọ lọ́sàn-án. Wọ́n ní owó ń jáde nílùú àwọn. Ṣé ọ̀fẹ́ ni ọmọ wa fi ń tọ́jú arúgbó wọn mọ́jú ni? Ó ti ṣiṣẹ́ náà fún wọn tán, owó iṣẹ́ rẹ̀ ló gbà.

Èyí tó wá burú jù ni pé ẹni tó bá fi káàdì báńkì Amẹ́ríkà tàbí owó inú àkáǹtì rẹ̀ ránṣẹ́ kò ní san kọ́bọ̀. Ẹni tó gbé owó lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́-lọ́wọ́ bí kò ṣe mẹ̀kúnnù? Òfin yìí kan náà ló sì ní kí ẹ̀dínwó owó-orí ọdún 2017, tí àwọn olówó jèrè rẹ̀ jù, máa bá a lọ.

Wọ́n ní kò kúkú pọ̀, dọ́là 2 lórí 200. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ata ní kóńgò mọ ohun tí díẹ̀díẹ̀ ń dà. Ẹni tó ń fi 200 ránṣẹ́ lóṣooṣù yóò san 24 lọ́dún, láìka owó tí àwọn tó ń bá a fi ránṣẹ́ ń gbà. Ẹni tó sì fẹ́ gba 5 tẹ́lẹ̀, ṣé kò lè padà wá béèrè ìyókù?

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026 ni wọ́n ti ń gbà á. Ẹ pe àwọn ọmọ yín lórí fóònù, kí wọ́n fi káàdì tàbí àkáǹtì báńkì ránṣẹ́, kí wọ́n yé gbé owó lọ́wọ́. Èyí tó bá ti di ọmọ onílùú lè dìbò. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń yan aṣojú lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n bi í: lọ́dún 2025, ìhà wo lo dìbò sí lórí owó ìyá mi?