TÁBÀ ÌKÒKÒ: ÈWO NI KÍ A YÀN?

Ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn tí ń mu ìkòkò péjọ kí àríyànjiyàn má bẹ́ sílẹ̀ láàrín wọn nípa tábà tí ó yẹ kí ènìyàn dì mú títí lọ. A ti fetí sí ọ̀rọ̀ náà pẹ́, a sì rò pé ó tọ́ kí àwa náà sọ èrò wa.

Ewé mẹ́rin ni ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ kí ó tó náwó. Ewé Virginia ní ṣúgà púpọ̀ nínú. Bí a bá ń fà á kánkán, a máa ta ahọ́n. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ewé Burley kò dùn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fa ohunkóhun tí a bá wọ́n sí i mu; nítorí náà òun ni àwọn oníṣòwò sábà máa ń fi ṣe tábà olóòórùn dídùn. Latakia, tí ó ń jẹ́ orúkọ èbúté kan ní ilẹ̀ Síríà, ni a ń yan nínú èéfín igi bí ẹni yan ẹja. Perique ti Louisiana ni a ń tẹ̀ mọ́ inú àgbá títí yóò fi kan nínú omi ara rẹ̀. Àwọn méjì ìkẹyìn yìí dàbí ata nínú ọbẹ̀: díẹ̀ ni a ń fẹ́.

Àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí ìkòkò a máa sọ pé kí a má jẹ́ kí imú nìkan yàn fún wa, nítorí òórùn inú agolo kì í ṣe adùn ẹnu. Kí a ra díẹ̀, kí a sì fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan dán an wò. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n àwa ní ìdí mìíràn láti bẹ̀rù adùn.

Láti nǹkan bí ọdún 1700 ni tábà Bàhíà, láti ilẹ̀ Bràsíl, ti gbajúmọ̀ ní etíkun wa. Èyí tí ó dára jù ni a ń kó lọ sí ilẹ̀ Pọtogí. Ewé tí wọ́n ṣà tì ni wọ́n ń lọ́ bí okùn, tí wọ́n ń fi omi ìrèké tí a sè di dúdú pa lára, tí wọ́n sì ń kó wá sí Whydah, Àgbádárìgì àti Èkó. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí adùn rẹ̀. Ọmọ ènìyàn ni a sì fi ń san owó rẹ̀.

Lónìí, a kò fi ọmọ ẹlòmíràn san án mọ́. Ara wa ni a fi ń san án. Ní ọdún 1950, Doll àti Hill ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé mímu tábà tan mọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọdún 1964, ìròyìn olórí oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà so ìkòkò gan-an mọ́ jẹjẹrẹ ètè. Ẹni tí ó bá sì wí pé òun kì í gbé èéfín mì ń tan ara rẹ̀ jẹ, nítorí awọ ẹnu pàápàá ń fa oró tábà wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, kí ó má yan ọ̀kankan. Ẹni tí ó ti ń mu ún, kí ó sapá láti fi í sílẹ̀. Títí yóò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó dín in kù, kí ó má sì jẹ́ kí òórùn dídùn mú un gbàgbé ohun tí ó ń fà sẹ́nu. Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Ti tábà kò rí bẹ́ẹ̀, ìkorò ni ó ń gbẹ̀yìn adùn tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ní etí, kí ó gbọ́.